Ọta Tí Baba Kò Yìn

Ọta mẹ́ta ni Baba yìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rìn dé ìdí pátákó, ihò mẹ́rin ni mo bá lára rẹ̀.

Mo kà á. Mo tún un kà. Mẹ́ta fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí adìẹ tú ká: ọ̀kan lókè pátápátá, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ìkẹta ya etí pátákó lọ. Ìkẹrin wà láàárín gbùngbùn àmì tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà. Ó dá wà níbẹ̀, etí rẹ̀ mọ́, bí ihò tí ẹnì kan fara balẹ̀ lu. Mo fi ìka kàn án. Ó ṣì gbóná.

"Mọ́nsúrà, báwo ló ṣe rí?" Baba ké sí mi láti ogójì ìgbésẹ̀.

"Ọ̀kan wọlé, Baba."

N kò sọ iye tí gbogbo wọn jẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ihò ìṣó àtijọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi fúnra mi ni mo ra pátákó náà ní tuntun ní Àjàngbàdì lọ́jọ́ Sátidé.

Ohun tó gbé wa dé etí irà lẹ́yìn Ìbà nìyí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí akọ màlúù kan já mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọjà ẹran Àlàbá Rago, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wọ́ okùn ọrùn rẹ̀ sáré la àárín ọ̀nà kọjá, ó wọ inú èèsún, ó sì di ẹran igbó. Ó fi ìwo gún Mojí, obìnrin tó ń gé gbúre létí irà, nítan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò fara pa. Nígbà tó ṣe, ó tẹ apẹja kan pa. Àwọn agbófinró wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹranko náà dákẹ́ sínú koríko títí wọ́n fi lọ. Nígbà náà ni àwọn àgbà àdúgbò wá bá Baba.

Àjàgbé ni orúkọ Baba mi. Ọmọ onílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni wọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọdẹ ni wọ́n nígbà tí ilé kò tíì jẹ igbó wa tán. Ìbọn wọn kì í ṣe ṣakabùlà tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì, inú rẹ̀ sì ní ìlà tó lọ́ bí okùn, tí í mú kí ọta máa yí bí òkòtó bó bá ti ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu náà la ti ń kì í. Ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, ọta tí a fi aṣọ wé á tẹ̀ lé e, a ó sì fi ọ̀pá kì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Kí o tó tún un kì, màlúù á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ.

"Ẹran náà kò mọ nǹkan kan," Baba sọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbà láti ṣe é. "Wọ́n gbé e wá sí ibi tí kò mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Mi ò ní í ṣe é léṣe kí n wá máa wá a kiri. Ọta kan, kó sùn."

Ìṣòro wà níbẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti yìn ín kẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀tù fún wọn ní Àgbádárìgì ti kú, ẹ̀tù ọwọ́ ẹlòmíràn sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ní láti wá oúnjẹ ìbọn náà rí ní tuntun: ìwọ̀n ẹ̀tù tó fẹ́, ìwọ̀n ọta, irú aṣọ tó yẹ kó wé e. Ibẹ̀ ni mo ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Òṣùwọ̀n ni mò ń tún ṣe ní Ọjà Àlàbá, ti àwọn tó ń ra wáyà bàbà, ti ẹlẹ́ja, ti alágbẹ̀dẹ wúrà. Mo mú èyí tó kéré jù nínú wọn wá, èyí tó lè wọn ìyẹ́ ẹyẹ.

"Ohun kan ṣoṣo la ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan," Baba kìlọ̀ fún mi. "Tí a bá yí méjì, a ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀tù ni wọ́n yí. Wọ́n fi kún un. Ìbọn náà bú bí ààrá, ó sì ti èjìká wọn sẹ́yìn. Wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, a ń fi àkísà nu inú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó burú jù nínú wọn ni kò ba pátákó rárá. Èèpo igi àgbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ṣí.

Lọ́tẹ̀ yìí, Baba fúnra wọn ló rìn lọ wò ó. Mo rí i tí wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí ihò kọ̀ọ̀kan, tí ètè wọn ń mì. Mẹ́rin tuntun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Márùn-ún ló wà. Ìkarùn-ún ti wọ inú ihò tó wà láàárín àmì lánàá, ó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn tún kọ́kọ́rọ́ kì bọ ihò rẹ̀.

Baba kò yí ojú padà. "Mélòó ló wà níbí lánàá?"

"Mẹ́rin, Baba. Ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ojú mi ni."

"Ṣé o gbọ́ ìbọn mìíràn?"

"Rárá. Ti yín nìkan ni mo gbọ́."

Wọ́n bojú wo apá òsì ibi tí a ti ń yìnbọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju koríko lọ, àti òórùn ẹrẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n mú àdá wá.

Ìtì igi àgbọn la gbé ti pátákó lẹ́yìn, kí ọta má bàa lọ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. A gbẹ́ ẹ. A rí ọta Baba bí wọ́n ṣe fọ́n sí inú rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní àárín, a bá méjì tó lẹ̀ mọ́ra bí ìbejì. Mo gbé ọ̀kan nínú wọn lé òṣùwọ̀n. Ọgbọ̀n gíráàmù ni ọta Baba, àwa la dà á, mo sì ti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Baba gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sí oòrùn. Ìlà tó lọ́ wà lára òjé náà, bí ìka ọwọ́ ṣe ń ní ìlà. Ojú aṣọ tí wọ́n fi wé e sì tẹ̀ mọ́ ọn lára, fínnífínní. Òwú kan ṣoṣo há sí i. Ó funfun.

"Ìbọn méjì péré ló lè kọ irú ìlà yìí sára òjé ní gbogbo agbègbè yìí," Baba sọ. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Wọn kò sọ ibi tí ìkejì wà. Èmi náà kò béèrè. Mo mọ̀.

Dáramọ́lá ló ni ín. Káfíńtà ni, ará ìhà Ògùn, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ó sì ń gbé ní Òkokomáíkò. Nǹkan bí ogójì ọdún ni òun àti Baba fi jọ ṣọdẹ. Nígbà tó bí Gbénga, àkọ́bí rẹ̀, Baba fún un ní èkejì ìbọn wọn. Inú àpótí kan náà ni bàbá Baba ti bá méjèèjì. Bí wọ́n bá ti wà nínú igbó, Dáramọ́lá kì í dúró sí ibòmíràn ju apá òsì Baba lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé ẹ̀gbọ́n Baba ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, bí a ti ń yọ́ òjé lórí àdògán lẹ́yìn ilé, Baba sọ ohun tó ya wọ́n fún mi. Wọ́n yìnbọn sí ìgalà kan nínú igbó lọ́nà Ìlaròó. Kò kú. Ó gbé ọta náà sára sá lọ. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò rí i. Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ yòókù, Dáramọ́lá sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Àjàgbé, ẹ̀tù rẹ ti pọ̀ jù, ọta rẹ kéré. Ariwo lò ń yìn, o ò yìnbọn."

"Kí ni ẹ wá sọ?"

"Mo ní kí káfíńtà padà sídìí pákó rẹ̀."

Baba fi igi kékeré ro òjé náà. Iná tàn sí wọn lójú.

"Ó kàn yọ irin tó fi ń da ọta tirẹ̀ nínú àpò, ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi, ó lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni a ò fi sọ̀rọ̀. Mo ń retí kó wá bẹ̀ mí. Àìsàn ló wá dípò."

Baba kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí a kò mọ̀ ni wọ́n sọ fún mi lórí iná yẹn: wọ́n wọ ọkọ̀ dé Òkokomáíkò lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dúró ní òdìkejì títì, lábẹ́ páànù ẹni tó ń ta táyà, títí wọ́n fi gbé pósí wọ inú ọgbà. Àwọn ọdẹ yìnbọn láti fi bu ọlá fún un. Baba kà á, ó jẹ́ mẹ́fà. "Méje ló yẹ kó jẹ́," ni wọ́n wí.

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n jáde, irin Dáramọ́lá wà lọ́wọ́ wọn, a fi ìwé ìròyìn wé e. A da òjé sínú rẹ̀. Nígbà tó tutù, mo gbé ọta náà lé òṣùwọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Aṣọ ńkọ́?" mo béèrè. Nítorí aṣọ tí Baba ń fi wé ọta láti ọjọ́ yìí nípọn, ó sì máa ń já wẹ́wẹ́ nínú ìbọn.

Baba ronú díẹ̀. Wọ́n mú jálàbíà funfun tí wọ́n fi ń kírun Jímọ̀, wọ́n sì fi abẹ gé ìṣẹ́tí rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, èmi ni mo wọn ẹ̀tù. Bí mo ti fẹ́ dà á fún wọn, Baba dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún wọn ju bí ìbọn ṣe ń ti èjìká wọn lọ.

"Dín in kù," ni wọ́n wí.

"Ẹ ní ohun kan ṣoṣo la ó máa yí padà."

"Mo mọ ohun tí mo ní. Dín in kù. Ó ti sọ fún mi tipẹ́."

Mo bu ẹ̀tù kúrò títí wọ́n fi mi orí. Ọta náà fún nínú ẹnu ìbọn, ṣùgbọ́n ó rìn wọlé dáadáa, nítorí a ti fi òrí pa aṣọ rẹ̀. Ohùn ìbọn yẹn yàtọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò bú mọ́. Ó kàn sọ̀rọ̀, bí àgbàlagbà tí kò ní láti pariwo. Wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sára pátákó tuntun, mo sì lọ wò ó. Ihò mẹ́ta, gbogbo wọn fẹnu ko ara wọn. Ọmọdé lè fi ọsàn kan bo wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sí òmíràn.

Inú mi dùn. Nígbà tí mo yíjú padà, mo rí i pé Baba tún ń wo apá òsì wọn, ojú wọn sì dà bí ti ẹni tí àlejò rẹ̀ lọ láìdágbére.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni màlúù náà jáde. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ parí. Baba ní kí n dúró lẹ́yìn ògiri rẹ̀, wọ́n sì lọ dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá níwájú mi. Àwọn ènìyàn pọ̀ lókèèrè, lórí odi, lórí òrùlé. Lékeléke méjì ló kọ́kọ́ yọ lókè èèsún, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń rìn lórí koríko. Lẹ́yìn náà la rí ẹ̀yìn tí wọ́n dúró lé. Ẹran náà tóbi, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ. Okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti jẹ wọ inú ẹran ara, eṣinṣin sì bò ó.

"Pẹ̀lẹ́," Baba sọ fún un. "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti tó."

Ó gbọ́ ohùn wọn, ó sì fi ìwo lélẹ̀. Lékeléke fò. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Baba gbé ìbọn sí èjìká, wọ́n dúró de é, wọ́n jẹ́ kó dé ogójì ìgbésẹ̀, ọgbọ̀n. Wọ́n fà á.

Mo gbọ́ òòlù ìbọn tó lu irin. Kà. Ohun tí mo gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rí èjìká Baba tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Wọn kò sá. Ìgbà náà ni ìbọn kan sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí mo gbọ́ ní Ọjọ́rú. Màlúù náà kúnlẹ̀ bí ẹni tí ó rẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò ta pútú.

Àwọn ènìyàn hó yèè. Ojú mi kò kúrò lára Baba. Èéfín funfun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ìbọn wọn ló ti ń jáde. Ó dúró lápá òsì wọn, ní gíga èjìká ọkùnrin, lókè koríko tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Kò sí atẹ́gùn. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó tú ká.

Baba lọ bá ẹran náà, wọ́n gé okùn ọrùn rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ lé e níwájú orí. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti yí i ká tán, Baba fà mí sẹ́yìn ògiri. Wọ́n ki ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn wọn. Kò dé ìdí. Nǹkan dá a dúró.

"Ọta mi ṣì wà nínú rẹ̀," ni wọ́n sọ sí mi létí.

Ní ọjọ́ Sátidé, a lọ sí Òkokomáíkò. Baba gbé ìbọn náà dání bó ṣe wà, a fi aṣọ dì í. Wọ́n kàn yọ irin kékeré tó ń tanná sí ẹ̀tù kúrò lórí rẹ̀. Bámikẹ́, ìyàwó Dáramọ́lá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Gbénga, ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó wo Baba, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, omi sì lé sí i lójú.

Baba fẹ́ kúnlẹ̀. Ó yára dì wọ́n mú.

"Ìyá Gbénga, mi ò wá sin ọkọ yín."

"Ẹ wá," obìnrin náà dáhùn. "Mo rí yín ní òdìkejì títì. Mo sọ ọ́ fún wọn nínú pósí, mo ní Àjàgbé ti dé, ojú ló ń tì wọ́n."

Baba fi ọwọ́ bojú.

Nígbà tí a jókòó, Ìyá Gbénga wọ yàrá, ó gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ jáde. Sùtánà funfun kan ló fi wé e. Ó tẹ́ ẹ lé orí itan bí ọmọ.

"Bàbá Mọ́nsúrà, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni," ó bẹ̀rẹ̀. "Tí mo bá sọ ọ́ fún wòlíì, ó máa ní kí n gbé e jù sí ọ̀sà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni ìbọn yìí wà. Ní ọjọ́ Ajé, mo ń gbá ilẹ̀, mo gbọ́ òórùn ẹ̀tù. Mo fà á jáde. Ẹnu rẹ̀ dúdú, ó sì ń gbóná. Mo rò pé orí mi ló dàrú. Mo wá òróró, mo nù ún, nítorí wọn ò fẹ́ràn kí ó dọ̀tí sùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Mo tún nù ún. Ọjọ́rú, ó mọ́. Ọjọ́bọ̀, nírọ̀lẹ́..."

Baba ń fi ìka ka ọjọ́ náà bó ti ń sọ ọ́.

"Ẹ̀rù ò bà yín?" mo béèrè.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ọdún méjì ni mo fi wà láìrí nǹkan tí mo lè ṣe fún wọn." Ó fi ọwọ́ pa ìbọn náà lára. "Èyí tó ń dùn mí ni pé láti Jímọ̀ ló ti mọ́. Mo jí lánàá àti lónìí, mo fi ìka sí i. Kò sí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé wọ́n ti lọ."

Baba sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pátákó, ọta tó wúwo, òwú funfun, àti ìbọn tí kò dún. Ó gbọ́ ọ láìgba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n béèrè bóyá àwọn lè rí ibi tí Dáramọ́lá sùn sí.

Ẹ̀yìn ilé ni, lábẹ́ igi máńgòrò, a fi táìlì aláwọ̀ funfun tẹ́ ẹ. Mo lọ sọ fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n má bàa fòyà. Baba fi irin ìtanná tuntun sí ìbọn, wọ́n dúró sí apá ọ̀tún sàréè náà, kí òkú lè wà ní òsì wọn. Wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkìtì yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi.

"Dáramọ́lá," ni wọ́n pè, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kí i lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀tù mi pọ̀ jù lóòótọ́. Mo ti dín in kù. Ìkeje rèé."

Ìbọn náà dún, kò kọ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, fóònù mi dún. Ìyá Gbénga ni. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí ènìyàn ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mọ́nsúrà, mo fi ìka sí i láàárọ̀ yìí."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ó dúdú," ó wí. "Ó dúdú dáadáa."

Mo gbé fóònù lọ bá Baba níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, mo sì sọ ohun tó wí fún wọn. Wọ́n dá omi dúró. Ojú wọn lọ sí apá òsì, níbi tí àga kan tó ṣófo wà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, "ṣé ó ti bá Dáramọ́lá fi òróró nu ìbọn náà?"